Àwòrán Bàbá Mi Lórí Tábìlì Èso

Peckham, London
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025

Ọládiméjì ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun tó? Òtútù ibí ṣì ń wọ egungun, ṣùgbọ́n mo jí lónìí, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà n kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Dádì tún ti kọ lẹ́tà." Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́. Lórí fóònù, nǹkan mẹ́ta péré lo máa ń sọ: o wà dáadáa, o ti jẹun, wọ́n ń pè ọ́. Kí n tó ní kí o dúró, o ti lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó ti ìwé, kò sí ẹni tí yóò pè ọ́. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń mú ọ jókòó ní gbogbo Sátidé kí o kọ lẹ́tà Yorùbá sí ìyá àgbà ní Iléṣà. O máa ń fajú ro nígbà náà. Ó tó àkókò kí n jẹ èrè rẹ̀.

Ní Furaidé, mo lọ ra ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Hé, ará Ṣáínà tó ń ta ohun ìdáná ní Rye Lane. Ó ń wo fíìmù lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò mọ̀ pé mo wọlé. Mo ní kí ló dé? Ó yí fóònù náà sí mi. Ta ni mo rí? Ìwọ! O wọṣọ alásè, adìyẹ jókòó sí ọ lórí, ìwọ náà sì ń bá adìyẹ náà sọ Ṣáínísì bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ wí. Mo ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Kò gbà. Mo fi fọ́tò rẹ hàn án. Ha! Ó figbe ta, ó pe ọkọ rẹ̀ jáde, wọ́n kọ̀ láti gba owó ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó ní gbogbo ará ilé àwọn ní Ṣáínà ló ń pè ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n Dí, pé fíìmù rẹ ni tọmọdé tàgbà jọ lọ wò ní ọdún tuntun wọn.

Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbé ìkòkò náà relé, nǹkan kan ń dùn mí. Ìyáàfin Hé mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe jù mí lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wakọ̀ bọ́ọ̀sì ní London yìí kí o lè kàwé. O ka èdè Ṣáínà, o ní o fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀ fún ọdún kan péré. Ọdún kan ti di mọ́kànlá. Ìgbà tí a sin ìyá rẹ ní 2019 ni mo fojú kàn ọ́ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àrùn ti ẹnu ibodè. Ẹnu ibodè ti ṣí tipẹ́, n kò rí ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ìkórè ìjọ wa yóò bọ́ sí ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá. O mọ̀ pé ẹbí kọ̀ọ̀kan ló máa ń jọ gbé èso wọn lọ síwájú pẹpẹ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, èmi nìkan ni mò ń dá gbé tèmi, bí àlejò. Wá bá mi gbé e lọ́dún yìí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Simeon Ajíbóyè


Abúlé kan lórí òkè, ẹ̀bá Chongqing, Ṣáínà
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Dádì mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ibi tí mo wà yìí. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdáwà. Lẹ́tà yín bá mi níbi tí a ti ń ya fíìmù, mo sì kà á nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má bínú sí adìyẹ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò gbà láti jókòó jẹ́ẹ́, àfìgbà tí a fi àgbàdo sínú fìlà mi.

Ẹ ní Ìyáàfin Hé mọ iṣẹ́ mi jù yín lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń kọjá lọ lẹ́yìn àwọn òṣèré gidi ni, àlejò dúdú tó gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo lè ṣubú kí n má fara pa, mo di ẹni tí ń ṣubú: sínú odò, sínú ìkòkò ọbẹ̀, láti orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣubú. Dírẹ́kítọ̀ Luo ló gbé mi dìde. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni, fíìmù ẹ̀rín nìkan ló ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín rárá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹnu rẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín ju ìdí rẹ lọ. Sọ̀rọ̀." Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ èdè wọn bí àwọn bàbá arúgbó abúlé ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìkùnsínú àti òwe, àwọn èèyàn á sì wó lulẹ̀ fẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń sín jẹ, Dádì. Bí ẹ ṣe máa ń kùn tí ẹ bá ń wá dígí ojú yín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń ṣe é.

Nínú fíìmù tí a ń ṣe lọ́wọ́ yìí, èmi ni olórí òṣèré. Ọkùnrin kan ló ti London wá wo afárá tí bàbá rẹ̀, ẹnjinníà, kọ́ fún abúlé kan láyé àtijọ́. Ẹ̀rín ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi ibì kan. A nílò fọ́tò bàbá ẹnjinníà yìí. Wọ́n gbé fọ́tò ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá, ọkàn mi kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì, kí ojú yín hàn dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹ wà nínú fíìmù kan pẹ̀lú mi.

Ní ti Ìkórè, mo máa gbìyànjú gan-an.

Ọmọ yín,
Diméjì


Peckham
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Diméjì ọmọ Ajíbóyè, òṣèré ńlá,

Mo kí ọ o. Lónìí ni àwọn Mùsùlùmí ń ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mìsítúrà tó ń gbé ní iwájú ilé wa ti gbé ìrẹsì àti ẹran wá, àwo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí ọ̀rá bá kán sórí ìwé, kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Mo fi fọ́tò náà sínú àpò ìwé yìí. Mìsítúrà ló yà á. O ní kí n wọ táì. Èmi kì í ṣe ẹnjinníà. Bí wọ́n bá fẹ́ mi, kí wọ́n mú mi bí mo ṣe ń dúró níwájú Ọlọ́run. Sùtánà funfun ni mo wọ̀, n kò sì wọ bàtà, nítorí o mọ̀ pé a kì í fi bàtà bá sùtánà rìn. Ìta òtútù ni a ti yà á, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi rí bẹ́ẹ̀. Má sọ fún wọn pé inú ń bí mi, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

O wá ń fi mí pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ní Ṣáínà! Ó dáa. Ìgbà tí o bá dé, wàá sín mi jẹ níwájú mi, n ó mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n "gbìyànjú" kì í ṣe ọjọ́ nínú kàlẹ́ńdà. Sọ fún mi pé ò ń bọ̀ tàbí pé o ò bọ̀. Mo ti sọ fún Bàbá Olùṣọ́ pé èèyàn méjì ni yóò gbé èso Ajíbóyè lọ́dún yìí. Má ṣe sọ mí di elékèé.

Bàbá rẹ


Chengdu
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Mi ò ní lè wá sí Ìkórè. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni fíìmù náà máa jáde, ọjọ́ ìsinmi ńlá wọn níbí, èmi olórí òṣèré sì gbọ́dọ̀ bá a rìn kiri ìlú mọ́kàndínlógún láàárín oṣù kan. A ó máa jáde sórí pèpéle nínú sínimá, a ó kí àwọn tó wá wòran, n ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí n tó mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Olùṣọ́.

Fọ́tò yín dé láyọ̀. Nígbà tí Dírẹ́kítọ̀ Luo rí i, ó ní èwo ni ti aṣọ àwọ̀sùn yìí lọ́rùn ẹnjinníà? Ó tún wò ó títí, ó wá ní, "Fi sílẹ̀. Ojú ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni." Mo fi àwòrán kan látinú fíìmù náà ránṣẹ́ sí yín, ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti jọ wà. Ẹ wò ó. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe rí lọ.

Ẹ máa tọ́jú ẹsẹ̀ yín fún mi.

Diméjì


Peckham
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, ọdún 2025

Ọládiméjì, ọmọ tó mọ ilé,

Ayọ̀ ni mo fi kí ọ! Kí Ọlọ́run tó gbọ́ tìrẹ máa gbọ́ títí.

Nígbà tí mo ka ìlàjì lẹ́tà rẹ, mo gbé e jù sórí àga. Mo ní kò burú, ọmọ ti di tàwọn ará Ṣáínà. Ìgbà tó yá ni mo tó yọ àwòrán inú rẹ̀. Diméjì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi rèé lórí tábìlì, nínú férémù dúdú tó dára. Àbẹ́là méjì ń jó lọ́tùn-ún lósì mi. Tùràrí ń rú. Ọsàn, ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níwájú mi, wọ́n tò wọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò. Ìwọ rèé lórí eékún rẹ, o sì bọ́ bàtà! O bọ́ bàtà, ọmọ mi. Ta ló rán ọ létí?

Ìgbà yẹn ló yé mi. O ò lè wá sí Ìkórè, o wá ṣe ìdúpẹ́ tìrẹ lórí mi níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú àbẹ́là, tùràrí àti èso, bí a ṣe ń ṣe é nínú ìjọ wa gan-an. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ìyá Ìjọ bú sẹ́kún. Bàbá Olùṣọ́ gbé e sókè, ó ní kí gbogbo ìjọ wo ohun tí ẹ̀kọ́ ilé ń ṣe, pé àwọn ọmọ kan wà ní Lewisham lọ́hùn-ún tí wọn ò lè tan àbẹ́là fún bàbá wọn. Mo ti mú un lọ fún àwọn tó ń tẹ fọ́tò, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ó wà lára ògiri pálọ̀ níbi tí aago wà tẹ́lẹ̀.

Àléébù méjì péré ni mo rí. Àbẹ́là méjì kéré, méje ló yẹ. Èkejì, kí ló dé tí wọ́n fi yọ gbogbo àwọ̀ kúrò lára fọ́tò mi? Mo rò pé nítorí kí sùtánà lè funfun dáadáa ni.

Mo ti dárí Ìkórè jì ọ́. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí fún mi.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn


Peckham
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Ọládiméjì,

Láti oṣù Keje, o ò kọ nǹkan kan sí mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Lánàá, mo gbé àwòrán ńlá náà lọ fi han Ìyáàfin Hé. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Mo gbé e lé káńtà, mo ní, "Wo èmi àti ọmọ mi." Obìnrin náà wò ó, ó wo ojú mi, ó mú àpò ìrajà, ó sì fi bo àwòrán náà. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, férémù dúdú, fọ́tò tí kò ní àwọ̀, àbẹ́là méjì, tùràrí àti èso, òkú ni wọ́n ń tò ó fún. Ó ní bàbá ẹnjinníà inú fíìmù yẹn ti kú, pé gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìtàn fíìmù náà ló mọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Mo rìn relé, n kò wọ bọ́ọ̀sì. Mo ti fi òkú ara mi han gbogbo ìjọ. Mo ti gbé e kọ́ ògiri ibi tí mo ti ń jẹun. Àwọn èèyàn yọ̀ mọ́ mi, wọ́n bá mi jó, ìwọ sì mọ̀, o dákẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ lo oṣù méjì.

Ṣé ìdí tí o ò fi wá sílé nìyí? Ṣé o ti sin mí lọ́kàn rẹ ni? Sọ fún mi, kí n yé dúró dè ọ́.

S. Ajíbóyè


Wuhan
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Dádì mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọkọ Ìyáàfin Hé sọ. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún yín kí n tó gba fọ́tò yín. Mo kọ pé a nílò fọ́tò bàbá, mi ò kọ pé bàbá náà ti kú. Nígbà tí lẹ́tà ayọ̀ yín dé ní oṣù Keje, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mú bíírò. Ayọ̀ yín ju ìgboyà mi lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò sin yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a sin Mọ́mì. Ilé kún, àwọn ìyá ìjọ ń sunkún, mo wá ń sọ bí Mọ́mì ṣe máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, wọ́n sì ń fi omijé rẹ́rìn-ín. Ẹ pè mí wọ ilé ìdáná. Ẹ ní, "Ṣé ìwọ kò ní omijé ni? Ìyá rẹ kú, o sọ ọ́ di àwàdà." Ní ọjọ́ kẹta mo padà síbí. Dádì, kì í ṣe àrùn ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Àìmọye ìgbà ni mo ti wo tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bí mo bá ti ronú dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yẹn, mo máa ń pa kọ̀ǹpútà dé. Mo rò pé bóyá òótọ́ lẹ sọ, pé mi ò ní omijé.

Nínú fíìmù yìí, Dírẹ́kítọ̀ Luo fẹ́ kí n sunkún níwájú fọ́tò bàbá. Ọjọ́ méjì gbáko la fi gbìyànjú rẹ̀, omijé kọ̀. Ojú ọkùnrin inú fọ́tò yẹn dà bí àwòrán ara páálí ọṣẹ. Ó ní kí n lọ wá ojú tí mo mọ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n gbé tiyín síbẹ̀. Mo wọlé, mo rí ẹsẹ̀ yín láìsí bàtà, ni mo bá bọ́ tèmi. Kò sí nínú ìwé eré. Mo wá rò ó pé lọ́jọ́ kan n ó wọ ilé wa ní Peckham báyìí, fọ́tò nìkan ni n ó sì bá. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yà á.

Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe fíìmù níbí. Bí ojú ẹni tó wà láàyè bá dúró fún òkú, wọ́n á fi owó díẹ̀ sínú àpò ìwé pupa fún ẹni tó ni ojú náà, kí aburú má bàa tẹ̀ lé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì fi gbà á. Wọ́n ti kó tiyín fún mi láti oṣù Karùn-ún. Bí mo bá fi ránṣẹ́, mo máa ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ó ṣì wà nínú báàgì mi. Mò ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú.

Ẹ dárí jì mí.

Diméjì


Guangzhou
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025

Dádì,

Ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù yín, ẹ ò gbé e. Mo pe Aunty Mìsítúrà, wọ́n ní ara yín le, pé ẹ kàn ń jókòó ni. Mo dúpẹ́ pé ara le.

Ìkórè ti kọjá. Ní ọjọ́ náà, mo wà lórí pèpéle nínú sínimá kan, èèyàn ẹgbẹ̀ta ń pariwo Ẹ̀gbọ́n Dí, wọ́n ní kí n ṣubú. Mo ṣubú. Ìgbà tí mo wà nílẹ̀, mo rò ó pé aago mélòó ló ti lù ní Peckham, bóyá ẹ ti gbé èso dé iwájú pẹpẹ. Mo pẹ́ kí n tó dìde, wọ́n rò pé ara eré ni.

Fíìmù míì wà tó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, èmi náà ni olórí òṣèré. Mo ti sọ fún Dírẹ́kítọ̀ Luo pé mi ò ní lè ṣe é, pé ilé ni mò ń lọ. Ó ní ẹlòmíràn wà tó ń dúró de ipò náà, pé bí mo bá lọ, kò ní dúró dè mí. Mo ní kí wọ́n fún un. Ó wá bi mí pé, "Bàbá rẹ ti gba àpò pupa rẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Láti oṣù Karùn-ún? Kí lo tún dúró ṣe níbí?" Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni mo máa balẹ̀ sí Heathrow, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ẹ ò bá fẹ́ rí mi, ẹ kọ ìlà kan péré sí mi, mi ò ní wá yọ yín lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nǹkan kan.

Diméjì


Peckham
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025

Ọládiméjì,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé ọwọ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ló ń bí mi tí n kò fi fèsì. Nígbà tí inú rọ̀, ojú ń tì mí. Ní Ìkórè, n kò gbé èso kankan. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ní orókún ń dùn mí.

Lánàá, Mìsítúrà wá bá mi. Ó rí i lórí fóònù pé sínimá kan ní àárín ìlú ń gbé fíìmù rẹ jáde. Mo ní kí n wá lọ wo ìsìnkú ara mi? Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde jàre, ẹ wọ kóòtù yín. Òkú kì í wọ bọ́ọ̀sì." A lọ.

Ilé náà kún fún àwọn ọmọ Ṣáínà. Mìsítúrà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ sì ń sáré ju ojú àwa méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ lé ọ wọ inú odò, ó rẹ́rìn-ín títí ìbòrí fi yọ̀ lórí rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí ibi tí o ti ń kùn, tí ò ń wá dígí ojú tó wà lórí rẹ. Ojú rẹ kò tì ọ́! Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ti ń rẹ́rìn-ín kí o tó lanu. Ó ń ṣe mí bíi kí n yíjú padà sọ fún un pé ọmọ mi ni. Ohun tí n kò fi sọ ọ́ ni pé mo mọ̀ pé yóò rí ojú mi láìpẹ́ lórí tábìlì, yóò sì sá.

Ìgbà tó yá, o wọ yàrá yẹn. O bọ́ bàtà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti múra láti bínú, Diméjì, mo ti di ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò ráyè wo ara mi. Ìwọ ni mò ń wò. O lanu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹkún ló jáde, ẹkún tí kò dára lójú, imú ń ṣàn, ètè ń gbọ̀n. Mo mọ ẹkún yẹn. Ti ìyá rẹ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń sunkún, a sì máa fi apá nu imú bí o ṣe fi apá nù ún. Mìsítúrà gbá mi lọ́wọ́ mú, n kò mọ ìgbà tó ṣe é.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbà pé ọmọ mi kò ní omijé. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo jù sílẹ̀ nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn ti fọ́, n kò lè kó o jọ mọ́. Ìyá rẹ ì bá fẹ́ràn ìtàn tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ó yẹ kí n jókòó kí n bá wọn gbọ́ ọ. Mo jẹ̀bi rẹ. Dárí jì mí.

Nítorí náà, máa bọ̀. Owó kíákíá ni mo san lórí lẹ́tà yìí kí ó lè bá ọ. N ó wà ní Heathrow ní aago kan, o mọ̀ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í pẹ́. Mú àpò pupa mi wá, a ó fi jẹun. Ní ti iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀, ó dùn mí fún ọ, ó sì dùn mọ́ mi, n kò ní tàn ọ́.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Fọ́tò mi rí ẹkún yẹn. Dírẹ́kítọ̀ Luo rí i. Gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà rí i. Èmi tí mo bí ọ, inú òkùnkùn sínimá ni mo ti rí i. Mo na ọwọ́ sí ọ, àga tó wà níwájú ni ọwọ́ mi bà. N kò tíì kú, ọmọ mi. Wá sun ún níbi tí ọwọ́ mi ti lè tó ọ.

Bàbá rẹ